Ilé Wo Ni Kò Ní Sítóòfù?

Ọ̀rọ̀ tí Tonton Ignace sọ fún Ìyáàfin Kowalchuk lójú omi ni kí n fi ṣáájú, torí pé bí ènìyàn bá dárúkọ Tonton ní Anse Galette, abúlé wa, tí kò sọ ọ́, àwọn ọmọdé pàápàá á bá a sọ ọ́. Ìyáàfin yìí jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ará Canada. Ọdọọdún ló máa ń bá ọkọ̀ afẹ́ wá sí erékùṣù wa, Dominica, nígbà tí yìnyín bá bo ìlú tiwọn mọ́lẹ̀. Kì í bá àwọn yòókù lọ wo òkè, kì í bá wọn ra ìlẹ̀kẹ̀. Kó ṣáà ti wọ aṣọ rọ́bà, kó pọn sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, kó mòòkùn lọ kí ẹja nínú ilé wọn, fàájì tirẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ Tonton, bí a ṣe ń pe àgbà ọkùnrin lọ́dọ̀ wa, ló sì máa ń gbé e lọ.

Lọ́dún tó kọ́kọ́ wá, Tonton ka orúkọ àwọn ibi tí ènìyàn lè mòòkùn sí fún un bí ẹni pàtẹ ọjà, ó mú Àga Bíṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún kejì, ó mú Ọgbà Ayaba. Lọ́dún kẹta, ó ní Ibojì Àwọn Ará Spain ló wu òun. Lọ́dún kẹrin, ó mú Ààfin Áńgẹ́lì. Ó wọ inú omi, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde, ó di àtẹ̀gùn ọkọ̀ mú, ó yọ rọ́bà tó fi ń mí kúrò lẹ́nu, ó sì wo Tonton bí ọ̀gá ilé ìwé ṣe ń wo ọmọ tó ń fi ọwọ́ pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

"Tonton, ibí la wá lọ́dún tó kọjá."

"Ibí kọ́ o, Ìyáàfin."

"Ibí náà la wá lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn."

"Háà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òkun mà fẹ̀."

"Sítóòfù tó wà nísàlẹ̀ yẹn wá ńkọ́?"

"Sítóòfù wo?"

"Sítóòfù olójú mẹ́rin! Èyí tí ẹja bí ejò ń gbé inú ààrò rẹ̀! Mo rí i ní Àga Bíṣọ́ọ̀bù, mo rí i ní Ọgbà Ayaba, mo bá a níbi tí wọ́n sin àwọn ará Spain sí!"

Tonton ṣí fìlà koríko rẹ̀, ó fi fẹ́ ara rẹ̀ díẹ̀, ó tún un dé.

"Ìyáàfin," ó ní, "ní erékùṣù yìí, ilé wo ni kò ní sítóòfù?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ bá ti Tonton lójú omi lọ́jọ́ náà, ó fún òtítọ́ ní àga, ó bu omi fún un mu.

Òkodoro ọ̀rọ̀ ni pé ibi méje ló kọ sí ara pátákó tó máa ń gbé dúró ní èbúté Roseau, olú ìlú wa, tí ọkọ̀ ńlá bá ti gúnlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Jacintha, ló fi ọ̀dà kùn wọ́n, oríṣiríṣi àwọ̀, ó tiẹ̀ ya ẹja sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ibi méje náà, ibì kan ṣoṣo ni: igbó iyùn kan báyìí tó wà ní ìsàlẹ̀ abúlé wa, tí omi rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá mú Àga Bíṣọ́ọ̀bù, Jacintha á wa ọkọ̀ gba ọ̀nà àríwá débẹ̀. Ẹni tó bá mú Ọgbà Ayaba, ó di ọ̀nà gúúsù. Ẹni tó bá ní ibi tó jìnnà lòun fẹ́, wọ́n á gbé e yí ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú òkun ká, wọ́n á fún un ní àgbọn mu lójú ọ̀nà, tí yóò fi gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun rìnrìn àjò. Àwa ará Anse Galette á wà ní etí omi, a á máa wo ọkọ̀ Tonton bó ṣe ń kọjá lọ tó ń kọjá bọ̀, a á sì máa juwọ́ sí àwọn àlejò. Kò sí ẹni tó tú àṣírí. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣòfò.

Ẹni tó bá ní àfi ibi jíjìn nísàlẹ̀ lòun fẹ́, ìyẹn tún di ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan wá láti Texas, apá wọn tó itan Tonton.

"Mítà ogójì la fẹ́ lọ," ni wọ́n wí.

"Mẹ́fà," ni Tonton wí.

"Mẹ́fà kẹ̀? Bàbá, a fẹ́ rí ohun ńlá!"

"Ta ló sọ fún yín pé ìsàlẹ̀ ni ohun ńlá ń gbé? Àbùùbùtán tó tóbi jù nínú òkun, ṣebí òkè ló ń wá mí sí."

"Ó dáa, ọgbọ̀n."

"Méje."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ibẹ̀ la dé o!"

"Torí pé ẹ̀yin ni, tí ojú yín jọ ti ọmọ ire, mo fi ọ̀kan lé e. Mẹ́jọ."

Àwọn ọmọ náà bínú, wọ́n kọrí sí ọ̀dọ̀ Fitzroy Laronde. Fitzroy ni ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Tonton, òun ló máa ń kó èrò lọ sí Ògiri Dúdú, níbi tí àpáta ti ṣubú lọ sísàlẹ̀ tí ojú kò tó òpin rẹ̀. Tonton jẹ́ kí wọ́n rìn díẹ̀, ó wá ké sí wọn bí ẹni tí oníbàárà fẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ padà wá! Ẹ padà, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé bí wọ́n ṣe ń nájà ní Texas nìyẹn? Ẹ mú méjìlá, ẹ jẹ́ n lọ. Ẹ ti jẹ èrè mi tán."

Wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn, inú wọn ń dùn pé àwọn fa bàbá arúgbó láti mẹ́jọ dé méjìlá. Kò sí ìgbà tí ìdúnàádúrà Tonton kì í parí sí méjìlá. Mítà méjìlá ni sítóòfù wà.

Bí àwọn èrò bá jáde nínú omi, kò ní jẹ́ kí wọ́n nu ojú tán kó tó bi wọ́n léèrè. "Kí lẹ rí?" Wọ́n á ní àwọn rí àjàpá òkun. Á mi orí. Wọ́n á ní àwọn rí ẹja aláwọ̀ búlúù, àwọn rí edé tó tó apá. Á tún mi orí, bí ẹni tó ń dúró kí ìwàásù parí. "Mọ̀ńsínyọ̀ ńkọ́?" Mọ̀ńsínyọ̀, oyè àwọn àlùfáà àgbà, ni orúkọ tó sọ ẹja bí ejò tó ń gbé inú ààrò, torí pé ó sanra, ó dúdú, ó sì ń la ẹnu láìsọ̀rọ̀. "Ṣé ó wà nílé? Ṣé ilẹ̀kùn ààrò ṣì wà lára rẹ̀? Bọ́tìnì rẹ̀ ńkọ́?" Adájọ́ kan láti Puerto Rico sọ pé òun kò ṣàkíyèsí ilẹ̀kùn kankan. Tonton ní kó padà lọ wò ó. Adájọ́ padà.

Nígbà tí Tonton wà ní ọ̀dọ́, tí ọ̀nà mọ́tò kò tíì dé Anse Galette, ó ń fẹ́ Philomène, tí gbogbo wa wá ń pè ní Ma Philo. Orí àdògán eléèédú ni Philo ti ń dáná, èéfín á bò ó mọ́lẹ̀, á máa hu ikọ́. Tonton búra níwájú àlùfáà àti ìyá ìyàwó pé òun á ra sítóòfù fún un, èyí tó ní ààrò nísàlẹ̀, irú èyí tí ìyàwó dókítà ní ní Roseau. Ọdún mélòó kan kọjá. Ẹnu dùn ún ròfọ́, ìyá ìyàwó kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Níkẹyìn, ó rà á lóòótọ́, ó gbé e sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ó ń bọ̀ wálé.

Gbogbo abúlé ti gbọ́, gbogbo wọn ti wà létí omi. Ká ní ó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ọkọ̀, ìtàn ì bá parí síbẹ̀. Tonton kò lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ènìyàn tó pọ̀ tó báyẹn máa wò ó. Ó gun orí sítóòfù, ó jókòó sórí rẹ̀ bí ọba, ó ká ẹsẹ̀ lé ara wọn, ó ṣí fìlà, ó ń fi kí àwọn ará etí omi, ó kí ọ̀tún, ó kí òsì. Nígbà tó kí òsì, ọkọ̀ bá a kí i, ó dojú dé.

Ó wẹ̀ wá sí etí omi, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lókè kí omi má bàa kàn án. Philo dúró sínú iyanrìn, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo fìlà, ó wo ojú omi tó ti tẹ́jú bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

"Ignace," ó ní, "fìlà lo rí yọ nínú omi?"

Ìtìjú yẹn ló sọ ọ́ di òmòòkùn. Ó wá àwọn òyìnbó kan rí, tí wọ́n wá ṣèwádìí nípa iyùn, ó ń gbé ẹrù wọn, wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń fi sílíńdà mí lábẹ́ omi. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀ ọ́n ní abúlé wa, gbogbo èrò rẹ̀ kò sì ju pé kó lọ gbé sítóòfù aya rẹ̀ wá. Nígbà tó fi máa débẹ̀, iyùn ti hù bò ó, ẹja kéékèèké ti ń bímọ sójú iná rẹ̀, Mọ̀ńsínyọ̀ sì ti kó sínú ààrò. Ó padà wálé ní ọwọ́ òfo, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná.

"Philo, mo rí i. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń gbé ibẹ̀."

Philo ro ó títí, ó ń ro ọbẹ̀ rẹ̀ lórí èédú. Ó wá ní, "Má lé wọn jáde. Àmọ́ sọ fún wọn pé sítóòfù mi ni."

Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti ti ojú omi dé, Philo kò ní bi í pé ṣé ebi ń pa á. Á bi í pé, "Sítóòfù mi ńkọ́?" Tonton á ní, "Ó wà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà, bọ́tìnì rẹ̀ pé." Wọ́n ra òmíràn sílé nígbà tó yá, èyí tó ń lo gáàsì, Philo sì fi ń se oúnjẹ lójoojúmọ́. Kò bi í léèrè nípa ìyẹn rí. Èyí tó wà lábẹ́ omi ló ń pè ní tèmi.

Etí òsì Tonton ló kọ́kọ́ dà á. Ó mòòkùn pẹ̀lú ọ̀fìnkìn, nǹkan bẹ́ nínú etí náà, dókítà sì kìlọ̀ fún un pé bó bá tún fi orí sábẹ́ omi, kó má wá sọ́dọ̀ òun mọ́. Lẹ́yìn èyí, Philo kú. Wọ́n sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lórí òkè, níbi tí ènìyàn ti lè rí òkun. A rò pé ọ̀rọ̀ sítóòfù ti parí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ ńlá bá dé, tí Tonton bá ń gòkè lọ sílé nírọ̀lẹ́, ó máa ń yà sí ibojì aya rẹ̀, á ṣí fìlà, á ní, "Ó wà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà, bọ́tìnì rẹ̀ pé." Kò lè lọ wò ó fúnra rẹ̀ mọ́. Ojú àwọn èrò ọkọ̀ ló ń yá. Àwọn ará Texas, adájọ́ Puerto Rico, àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, gbogbo wọn ń bá a lọ wo sítóòfù obìnrin kan tí wọn kò mọ̀ rí, wọ́n sì ń san owó lé e.

Ìgbà kan wá tí ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ẹ̀rín. Ẹnì kan nínú àwọn èrò lọ fẹjọ́ sùn nínú ọkọ̀ ńlá pé ibi méjì lòun mú lójú pátákó, ibì kan ni wọ́n gbé òun lọ. Kì í ṣe Ìyáàfin Kowalchuk o. Ìyẹn kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, iwájú ẹni ló ti ń bani jà. Ọkùnrin tó ń bójú tó ìgbafẹ́ àwọn èrò, Ọ̀gbẹ́ni Renwick, ará Scotland, sọ̀kalẹ̀ wá bá Tonton ní èbúté. Kò pariwo, kò bínú, ìyẹn gan-an ló bà wá lẹ́rù.

"Tonton, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ibi tí èrò bá mú, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ. Èmi fúnra mi á bá yín lọ lónìí. Bí a kò bá dé ibi tí wọ́n bá mú, ẹ má bínú, Fitzroy ni á máa kó wọn láti ìsinsìnyí lọ."

Jacintha wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí pátákó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn. Ó ti fi iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ kó lè máa wa ọkọ̀ yìí fún bàbá rẹ̀, inú ọkọ̀ náà sì ni oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wá. Bí ọkọ̀ ńlá bá kọ̀ wọ́n, ẹja pípa ló kù, ẹja kò sì pọ̀ ní etílé mọ́.

"Pápá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ dákun. Lónìí nìkan."

Renwick bi àwọn èrò léèrè ibi tí wọ́n fẹ́. Tọkọtaya kan ní Ògiri Dúdú. Ìyáàfin Kowalchuk náà nawọ́. "Ògiri Dúdú," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ rí ibi tí kò ní sítóòfù."

A dúró de ìdúnàádúrà. Fitzroy ti sún mọ́ wa kó lè gbádùn rẹ̀. Tonton wo ọmọ rẹ̀, ó wo pátákó, ó ní, "Ó dáa. Ògiri Dúdú." Ẹnu ya Fitzroy débi pé ó bá wọn tú okùn.

Wọ́n lọ lóòótọ́. Wọ́n mòòkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, wọ́n jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n ní irú nǹkan báyìí àwọn kò rí i rí. Tonton fà wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí lẹ rí?" ó bi wọ́n, wọ́n sì rò ó fún un títí. "Ó dára," ó ní. "Ó dára gan-an." Ó lọ jókòó sí iwájú ọkọ̀, ó kọjú sí òkè tí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Kò bi wọ́n ní ìbéèrè kejì.

Sílíńdà méjì ni oníkálùkù máa ń ní lọ́jọ́ kan, wọ́n á lo ọ̀kan, wọ́n á sinmi, wọ́n á lọ lo èkejì níbòmíràn. Jacintha ń wa ọkọ̀ bọ̀ sí ọ̀nà ilé kí wọ́n lè mú ibi kejì. Nígbà tí wọ́n dé orí igbó iyùn tiwọn, ó dín iná ẹ́ńjìnnì kù, kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Tonton ṣí fìlà.

"Kí ló dé tó ń ṣí fìlà?" ni Renwick bi Jacintha.

Jacintha kò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ tán: sítóòfù, fìlà tó yọ, etí tó bẹ́, ìbéèrè ìyá rẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ yín bá wá ni Pápá ń lọ jẹ́ Mámá níṣẹ́ níbi ibojì bí ó ṣe wà. Tòní, wọn ò ní nǹkan kan tí wọ́n máa sọ."

"Jacintha," ni Tonton wí láìwẹ̀yìn, "pa ẹnu ẹ mọ́, wa ọkọ̀ ẹ."

Ìyáàfin Kowalchuk dìde láàárín ọkọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Tonton! Ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin lẹ fi ń fi bíṣọ́ọ̀bù àti áńgẹ́lì purọ́ fún mi, tí òtítọ́ tó dùn tó báyìí wà lọ́wọ́ yín! Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Bí mo bá sọ fún yín pé ibì kan ni," ni Tonton dáhùn, "ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa lọ."

Omi ń gbá ara ọkọ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Renwick, tó jẹ́ pé èbúté kan lónìí, èbúté mìíràn lọ́la ló ti fi ayé rẹ̀ ṣe, wo ìsàlẹ̀ omi fún ìgbà díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í so sílíńdà kejì mọ́ ẹ̀yìn.

"Mítà mélòó ló wà?" ó bi Tonton.

"Méjìlá."

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́jọ."

Tonton yí padà. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ wá sí ojú rẹ̀. "Méjìlá. Kò ní ẹ̀dínwó."

"Mẹ́wàá, Tonton. Torí pé èmi ni."

"Ọ̀gbẹ́ni Renwick, sítóòfù kò lè dìde wá bá ọ."

Gbogbo wọn ló wọ inú omi, àti Ìyáàfin Kowalchuk tó ní ibi tí kò ní sítóòfù lòun fẹ́. Tonton rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń wo bí èémí wọn ṣe ń hó sókè. Renwick ló kọ́kọ́ yọrí. Ó bọ́ rọ́bà lẹ́nu.

"Ó wà, Tonton."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Ó wà. Mo fọwọ́ kàn án. Bọ́tìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé."

"Mọ̀ńsínyọ̀ ńkọ́?"

"Ó fẹ́ gé mi níka jẹ."

"Bó ṣe ń kí àlejò nìyẹn," ni Tonton wí. Ó fi fìlà nu ojú, ó ní omi òkun ló ta sí òun, bẹ́ẹ̀ omi kankan kò ta.

Fitzroy kò rí iṣẹ́ náà gbà. Renwick padà sínú ọkọ̀ ńlá, ó fi ibì kan ṣoṣo kún àwọn ibi tí èrò lè mú ní erékùṣù wa: Sítóòfù Ma Philo. Ìròyìn rẹ̀ gba inú ọkọ̀ kan, ó tàn dé òmíràn, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibi ìsọ̀kalẹ̀ béèrè pé níbo ni bàbá onísítóòfù wà. Ẹ̀yin náà á rò pé inú Tonton á dùn. Àbùkù ló kà á sí. Ta ní ń nájà pẹ̀lú ẹni tó ti gbà tán?

"Sítóòfù, sítóòfù!" á máa kùn. "Ẹ ti ilẹ̀ òkèèrè wá, sítóòfù lẹ fẹ́ wò? Ẹ ò ní nílé ni? Ẹ wo Àga Bíṣọ́ọ̀bù bó ṣe wà ní tútù."

Tí wọ́n bá sì gbà, tí wọ́n mú Àga Bíṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ ibi tí Jacintha máa gbé wọn lọ.

Tonton kú ní àsìkò òjò, nígbà tí ọkọ̀ ńlá kì í wá, bí ẹni tí kò fẹ́ ba ọjà jẹ́. Orí àga rẹ̀ ni, fìlà wà lórí eékún. A sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Philo. Nígbà tí òjò dá tí àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, Ìyáàfin Kowalchuk sọ̀kalẹ̀ ní èbúté, ó ń wá fìlà koríko láàárín èrò, ó rí i lórí Jacintha. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra.

A pinnu láti lọ dágbére fún Tonton lójú omi. Ó ku ibi tí a máa lọ, ìyẹn sì di àríyànjiyàn bí ẹni pé Tonton gan-an ló wà níbẹ̀. Fitzroy ní Ògiri Dúdú ló yẹ, kí bàbá fi ẹ̀ẹ̀kan lọ síbòmíràn kí ó tó lọ pátápátá. A dìbò níwájú pátákó, Ògiri Dúdú borí. "Ó dáa," ni Jacintha wí, ó sì gbá ẹ́ńjìnnì. Nínú ọkọ̀ náà ni èmi náà wà. Ó gbé wa gba ọ̀nà gúúsù, ó gbé wa yí ṣóńṣó ilẹ̀ náà ká, ó pín àgbọn fún wa, ó wá pa ẹ́ńjìnnì.

Fitzroy wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Omi mọ́ gaara.

"Jacintha, Ògiri Dúdú kọ́ nìyí."

"Ògiri Dúdú ni."

"Sítóòfù tí mò ń wò nísàlẹ̀ yìí ńkọ́?"

Gbogbo ọkọ̀ ló dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, àti ọ̀gá ilé ìwé láti Canada: "Ilé wo ni kò ní sítóòfù?"

A rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: nínú omijé yẹn la ti rí i pé Jacintha ń fa nǹkan jáde lábẹ́ àga. Ìkòkò irin Ma Philo ni, èyí tó fi ń se ọbẹ̀ lórí èédú nígbà ayé èéfín, tó ti wà lára ògiri ilé ìdáná láti ọjọ́ tó ti kú. Ẹ̀rín wa rọlẹ̀. Ó gbé sílíńdà pọ̀n, ó gbé ìkòkò mọ́ àyà, ó bọ́ sínú omi, Ìyáàfin Kowalchuk tẹ̀ lé e. Láti òkè níbi tí a wà, a rí i tó fi ọwọ́ gbá iyanrìn kúrò lójú iná kan, tó sì gbé ìkòkò kà á. Mọ̀ńsínyọ̀ yọ orí nínú ààrò, ó wò ó, ó padà wọlé.

Nírọ̀lẹ́, bí a ṣe ń gòkè lọ sílé, Jacintha yà sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dúró níwájú ibojì àwọn méjèèjì, ó di ọwọ́ ẹni tó bá a mòòkùn mú. Ìyáàfin Kowalchuk, tí irun rẹ̀ ṣì ń kán omi sílẹ̀, bá a sọ ọ́.

"Ó wà, Ma Philo," ó ní. "Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà, bọ́tìnì rẹ̀ pé. Ìkòkò yín sì ti wà lórí rẹ̀."

Jacintha ṣí fìlà koríko náà, ó fi fẹ́ ara rẹ̀ díẹ̀, ó tún un dé.